New Fish: ọkọ̀ òfurufú kékeré tó jẹ́ ọmọ edé

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìròyìn mìíràn ló gbé mi dé Zion Pepe, létí òkun Ìlàjẹ. Òjò dá wa dúró, mo bá jókòó ti àwọn ìyá tó ń yan edé, mo ń ka ìwé lórí fóònù mi. Ọmọbìnrin kan bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ̀ ń kà tí ẹ fi ń dá rẹ́rìn-ín?" Mo ní ìtàn ọkọ̀ òfurufú kan ni, àti pé edé ni ọkọ̀ ọ̀hún. Ó wo edé tó wà lórí ààrò, ó tún wò mí. "Edé báwo?" Ohun tí mo sọ fún un nìyí, mo kàn tún un tò díẹ̀ fún ẹ̀yin náà ni.

New Fish jẹ́ ọkọ̀ òfurufú kékeré kan nínú ìtàn àròsọ Nnedi Okorafor, òǹkọ̀wé tí wọ́n bí ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1974, tí bàbá àti ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìgbò. Ìwé mẹ́ta ni ìtàn náà: Binti (2015), Binti: Home (2017) àti Binti: The Night Masquerade (2018). Èyí àkọ́kọ́ gba àmì ẹ̀yẹ Nebula àti Hugo, kò sì sí èyí tó lókìkí jù wọ́n lọ fún irú ìwé bẹ́ẹ̀. Nínú ìwé kẹta ni ẹ ti máa rí New Fish dáadáa.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ìyá rẹ̀. Third Fish lorúkọ ìyá, ẹ̀yà ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní Miri 12 ni. (Ẹni tó bá gbọ́ Ìgbò á ti rí "omi" nínú orúkọ yẹn.) Ẹ̀dá alààyè ni Miri 12, ìbátan edé ni. Wọn ò kan irin pọ̀ láti fi ṣe é. Èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń gbà á lọ́wọ́ òtútù àti ewu gbalasa òfurufú. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì wá tún ẹ̀dá rẹ̀ ṣe kí yàrá èémí mẹ́ta lè hù nínú ara rẹ̀. Wọ́n gbin ewéko tó ń yára dàgbà síbẹ̀. Èémí tí àwọn èrò bá mí síta, ewéko á gbà á, á sọ ọ́ di ọ́síjìn, á sì tún fa májèlé inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Èmi ò mọ òǹkọ̀wé mìíràn tó ro ọ̀rọ̀ èémí inú ọkọ̀ jinlẹ̀ tó báyìí.

Third Fish ló gbé Binti, ọmọ Himba tí orí rẹ̀ pé nínú ìṣirò, lọ sí yunifásítì Oomza ní ayé mìíràn. Lójú ọ̀nà, àwọn Meduse, tí wọ́n rí bíi jellyfish, pa gbogbo èrò ọkọ̀, àfi Binti àti awakọ̀. Ohun tó gba Binti lọ́wọ́ wọn ni irinṣẹ́ àtijọ́ kan tí ìwé náà pè ní edan. Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá, ó dájú pé etí yín ti gbọ́ ẹdan Ògbóni níbẹ̀. Tèmi náà gbọ́ ọ.

Ọkọ̀ kékeré wà nínú ìtàn irú èyí tipẹ́. Galileo inú Star Trek ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀. Nínú abala tí wọ́n fi hàn ní January 5, 1967, èèyàn 7 wọ̀ ọ́, ó já wọn sílẹ̀ ní ayé tí wọn ò mọ̀. Ìwọ̀n rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí epo rẹ̀ lè gbé lọ. Spock, ọ̀gá wọn, ní àfi kí àwọn dín ìwọ̀n àgbàlagbà mẹ́ta kù nínú ọkọ̀. Ta ni yóò bọ́ sílẹ̀?

Tẹ́lẹ̀, eré lásán ni mo ka ìyẹn sí. Àmọ́ lọ́jọ́ tí a fẹ́ kúrò ní Zion Pepe, a ti tan ẹ́ńjìnnì, orí ń forí lọ sí Igbókọ̀dá, la gbọ́ ariwo létí omi. Aboyún ti ń rọbí. A padà. Ọkọ̀ ti kún, ìgbì sì ń ru. Awakọ̀ ò sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀, ó kàn ń wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi àti ọkùnrin kan bọ́ sílẹ̀. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí pákó, wọ́n fi tapólì bò ó, wọ́n lọ. Wákàtí mẹ́ta ni mo fi dúró de ọkọ̀ mìíràn. Ìròyìn kàn mí lálẹ́ pé ó ti bí, tìyá tọmọ ń ṣe dáadáa.

Ó dáa, tí ẹ kò bá tíì ka ìwé kẹta, tí ẹ ò sì fẹ́ kí n tú àṣírí, ẹ dúró níbí.

Third Fish náà lóyún. New Fish lọmọ tó bí. Nígbà tí ogun bẹ́ láàárín Meduse àti Khoush, Binti kó sáàárín wọn kó lè làjà, ìbọn pa á. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, Mwinyi àti Okwu, gbé òkú rẹ̀ wọ New Fish, wọ́n fẹ́ lọ fi í sílẹ̀ sáàárín òrùka Saturn. Inú yàrá èémí ni wọ́n tẹ́ ẹ sí. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó wà níbẹ̀ wọ ara rẹ̀, wọ́n dàpọ̀ mọ́ ọn, Binti sì jí.

Àwọn kan ń bínú sí àjíǹde yìí, wọ́n ní ó ti rọrùn jù. Èmi náà kọ́kọ́ pòṣé. Ṣùgbọ́n ẹ wo owó tó san: Binti kò lè jìnnà sí New Fish mọ́. Ibi tí ọmọ edé yẹn bá wà ni òun náà gbọ́dọ̀ wà nítòsí.

Tí ẹ bá fẹ́ kà á, ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí Binti, ẹ má fò dé ìkẹta. Lọ́dún 2019, wọ́n kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ sínú ìwé kan ṣoṣo. Ọmọbìnrin Zion Pepe ti ní kí n fi tèmi ránṣẹ́ sóun. Ó ní ohun tóun fẹ́ mọ̀ ni bóyá wọ́n rí ààrò tó gba irú edé bẹ́ẹ̀.