Agboolé ní Ìlú Accra
Láti inú agbo, èyí tí í ṣe àwọn ènìyàn tó yí ara wọn ká bí ti agbo ijó, àti ilé ni agboolé ti jáde, ó sì túmọ̀ sí ọ̀pọ̀ yàrá tó yí àgbàlá kan ká. Irú rẹ̀ pọ̀ ní Accra, ṣùgbọ́n níbi tí agboolé Yorùbá ti jẹ́ ti ẹbí kan, àwọn ayálégbé tí kò bára tan ló sábà máa ń kún ti Accra, tí wọ́n jọ ń lo balùwẹ̀ àti ilé ìyàgbẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni ìnira àkàndá ẹ̀dá, ìyẹn ẹni tó ní ìpèníjà ara, ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé bí àga oníkẹ̀kẹ́ bá tilẹ̀ gba ẹnu ọ̀nà yàrá, gọ́tà tàbí àtẹ̀gùn ilé ìyàgbẹ́ lè dá a dúró.

Òfin àwọn àkàndá ti Gánà, Act 715 ti ọdún 2006, fi ọdún 10 sílẹ̀ kí a fi tún ibi tí ará ìlú ń wọ̀ ṣe. Ọjà àti báńkì rọrùn láti kà mọ́ irú ibi bẹ́ẹ̀. Agboolé kò rọrùn. Ọdún 2018 ni ìlànà ilé kíkọ́ tuntun, GS 1207, jáde, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn agboolé Accra ti wà ṣáájú rẹ̀.