Ojúlówó Garand àti Èyí Tó Jọ Ọ́

Ohun tó jọ ohun la fi ń wé ohun. Èèpo ẹ̀pà jọ pósí ẹ̀lírí. Ìjọra ni àwọn àgbà ń sọ níbẹ̀. Wọn ò ní ká fi èèpo ẹ̀pà sin ẹnikẹ́ni. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ra ìbọn ológun àtijọ́ ló máa ń gbàgbé ààlà yìí, owó gọbọi ló sì ń bá ìgbàgbé náà lọ.

Ẹ jẹ́ ká mú M1 Garand, ìbọn tí John C. Garand ṣe, tí ilé iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà gbà wọlé lọ́dún 1936. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Springfield Armory ní Massachusetts rọ ju mílíọ̀nù mẹ́ta lọ nínú rẹ̀, Winchester ní Connecticut rọ ju 500,000. Àwọn ará Jámánì a máa tẹ nọ́ńbà Mauser wọn títí dé orí àwọn irin kéékèèké. Amẹ́ríkà ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn irin àárín tí gbogbo ẹ̀yà yòókù so mọ́ nìkan ni nọ́ńbà Garand wà. Nọ́ńbà àwòrán iṣẹ́ ló wà lára àwọn ẹ̀yà tó kù: D28287 lára irin tó ń ti ọta wọlé, D35382 lára ọ̀pá gbọọrọ tó ń fà á sẹ́yìn, pẹ̀lú SA fún Springfield tàbí W.R.A. fún Winchester. Ẹ̀yà kan ṣoṣo ò lè sọ inú ìbọn tó ti wá fún ọ. Àfi kí o gbọ́ ẹjọ́ gbogbo wọn pọ̀.

Fa irin ọta sẹ́yìn, kí o wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún agbá ìbọn. Bí o bá rí "S A 10 43", Springfield ló ṣe é ní oṣù Kẹwàá 1943. Ó yẹ kí nọ́ńbà ẹ̀yìn náà bọ́ sí àkókò yẹn, kí àmì SA àti GAW sì wà lára igi, nítorí George A. Woody ló ń buwọ́ lù wọ́n nígbà náà. Wo àmì ọ̀hún dáadáa. Bí ojú ọgbẹ́ igi bá wà lábẹ́ rẹ̀, ọgbẹ́ ló ṣáájú àmì: àdàmọ̀dì ni.

Ọ̀pá D35382 tún gba àkíyèsí. Igun rẹ̀ máa ń là, ni ìjọba bá pàṣẹ pé kí wọ́n gé e róbótó. Èyí tí wọn ò gé wá di ọ̀wọ́n, làwọn kan bá ń jó irin mọ́ èyí tí wọ́n ti gé.

Lẹ́yìn ogun, àwọn ibùdó ìjọba tú ọ̀pọ̀ Garand palẹ̀, wọ́n wọn ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì tún un tò láìbìkítà ibi tó ti wá. Wọ́n pààrọ̀ irin ìfojúsùn ẹ̀yìn, agbá tuntun sì wọ inú irin àtijọ́. Èmi ò rí àbùkù kankan nínú èyí: sọ́jà nílò ìbọn tó ń yìn. Ohun tó ń dùn mí ni ẹni tó tú irú ìbọn bẹ́ẹ̀, tó ṣa ẹ̀yà lára ìbọn márùn-ún kí ó lè rí bí ti 1943, tó wá ń tà á bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe jáde ní Springfield. Gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ lè tọ̀nà, síbẹ̀ wọn ò tíì pàdé ara wọn rí.

Tí ìbọn tí wọ́n tún ṣe ní Rock Island, ọ̀kan nínú àwọn ibùdó náà, bá wà lọ́wọ́ rẹ, jọ̀wọ́, má ha àmì RIA kúrò lára igi rẹ̀. Bí o bá sì ti pààrọ̀ ohunkóhun, kọ ọ́ sílẹ̀, kí o fún ẹni tó bá rà á.