ÒKÒ TÍ A SỌ SÍ INÚ ODÒ

Ìwọ ọ̀dọ́ tí ò ń ka ìwé yìí, bí o bá gba Ìbíadé kọjá lọ sí èbúté Ìwòpin, ìwọ yóò rí ọ̀sà Lẹ́kì tí ó tẹ́ lọ bí ẹní. Inú ọ̀sà yìí ni odò Ọ̀ṣun ń ṣàn sí. Nítorí náà, ohun tí ẹnìkan jù sí odò lókè lọ́hùn-ún lè wá bá apẹja tí kò rí onítọ̀hún rí.

Láyé àtijọ́, ewé ni àwọn baba wa fi ń pọ́n ẹ̀kọ, igbá ni wọ́n sì fi ń bu omi mu. Bí wọ́n bá jẹ ẹ̀kọ tán, wọn a ju ewé sí ààtàn tàbí sí etí odò. Kì í ṣe pé wọ́n mọ́ tónítóní jù wá lọ; ewé ni ó ń jẹrà, tí ó sì ń di ilẹ̀dú. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1933, àwọn onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣèèṣì rí irú ike tí a fi ń ṣe ọ̀rá lónìí. Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ wa, ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ewé. Ohun tí ó wà lọ́wọ́ wa yí padà, ṣùgbọ́n ìṣe ọwọ́ wa kò yí padà.

Ọ̀rá kì í jẹrà bí ewé. Oòrùn a pa á, omi a lù ú, yóò sì máa já wẹ́wẹ́ títí ojú kò fi ní í rí i mọ́. Ẹja a sì gbé e mì pọ̀ mọ́ oúnjẹ rẹ̀.

Ṣé o rò pé àsọdùn ni? Gbọ́ ti adágún Ẹlẹ́yẹlé ní Ìbàdàn. Ní ọdún 1942 ni a sé odò Ọnà níbẹ̀, kí ará ìlú lè rí omi mu. Ní ọdún 2020, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kọ̀wé nípa ẹja 109 tí wọ́n yẹ inú wọn wò láti adágún náà. Epìyà wà lára wọn. Nínú ẹja mẹ́wàá, bí méje ni wọ́n bá ike wẹ́wẹ́ nínú rẹ̀.

Èmi pàápàá kò mọ́ nínú ẹ̀bi yìí. Nígbà tí mo jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé, mo máa ń yin àwọn ọmọ tí ó bá gbá àyíká mọ́. N kò béèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ibi tí wọ́n da ìdọ̀tí náà sí. Odò kékeré kan sì wà lẹ́yìn ọgbà wa.

Àwọn àgbà ní, ẹni tí ó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà. Nítorí náà, ọmọ mi, nígbà tí o bá mu omi inú ọ̀rá tán, má ṣe béèrè bóyá ẹnìkan ń wò ọ́. Béèrè pé, ta ni ń pẹja ní ìsàlẹ̀ odò?