Ìdọ̀tí Etí: Iṣẹ́ Inú Ilé Tó Lọ Sọ́dọ̀ Dókítà, Tó sì Tún Padà Sílé

Ní oṣù kẹfà ọdún 2018 ni NICE, àjọ tí ń fi ìlànà ìtọ́jú lélẹ̀ fún àwọn oníṣègùn ilẹ̀ England, sọ pé ẹni tí ìdọ̀tí bá dí létí tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi gbọ́ràn dáadáa mọ́ yẹ kí ó rí ìtọ́jú gbà nítòsí ilé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dára lórí ìwé. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn àdúgbò ló ti pa iṣẹ́ yìí tì, nítorí pé kò sí lára ohun tí àdéhùn wọn pẹ̀lú NHS sọ di dandan fún wọn. Àjọ RNID, tí ń jà fún àwọn adití àti àwọn tí etí wọn wúwo, ti ké gbàjarè léraléra pé àwọn arúgbó ni ọ̀rọ̀ náà ń pọ́n lójú jù: kí wọ́n wá nǹkan bíi £50 sí £100 san fún aládàáni, tàbí kí wọ́n padà sílé lọ tọ́jú ara wọn. Àwọn ìyá àti bàbá Yorùbá tó ti darúgbó sí Peckham àti Woolwich náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí.

"Padà sílé lọ tọ́jú ara rẹ" kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun nínú ìtàn etí. Inú ilé ni iṣẹ́ náà wà láti ayébáyé. Ìgbà tí ó fi wà lọ́wọ́ dókítà kò ju nǹkan bí igba ọdún lọ. Ìbéèrè tó yẹ ní bíbi ni ohun tí dókítà fi kún un ní igba ọdún yẹn, àti bóyá ohun náà bá a padà wálé.

Láti ibi orúkọ ni àṣìṣe ti bẹ̀rẹ̀. Ìdọ̀tí etí ni Yorùbá ń pè é. Àwọn ará Róòmù ìgbàanì náà pè é ní sordes, èyí tí í ṣe ìdọ̀tí. Bẹ́ẹ̀ ara fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é, bó ṣe ń ṣe itọ́ àti omijé. Apá ìta ihò etí ló ti ń sun jáde. Ó ń mú awọ etí rọ̀, ó ń dá eruku àti kòkòrò dúró lẹ́nu ọ̀nà, kíkan díẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ kì í sì í jẹ́ kí kòkòrò àìfojúrí gbilẹ̀ níbẹ̀. Awọ inú etí náà ń rìn díẹ̀díẹ̀ láti ara ìlù etí bọ̀ síta, ó sì ń gbé epo yìí dání. Bí àgbọ̀n ṣe ń mì nígbà tí ènìyàn ń jẹun ń ràn án lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ etí kò fẹ́ ìrànlọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ń fẹ́ ẹ ni àgbàlagbà tí epo etí rẹ̀ ti gbẹ, ẹni tí ihò etí rẹ̀ tóóró, àti ẹni tó ń ki ẹ̀rọ ìgbọ́ràn bọ etí lójoojúmọ́.

Celsus, ará Róòmù tó kọ ìwé De Medicina ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún méjì sẹ́yìn, mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí ju ọ̀pọ̀ ènìyàn òde òní lọ. Ohun tó kọ́kọ́ pa láṣẹ ni pé bí etí ẹnì kan bá ń di, kí a wo inú rẹ̀ ná, kí a mọ̀ bóyá èépá egbò ló wà níbẹ̀ tàbí ìdọ̀tí tó dì. Bí ó bá jẹ́ ìdọ̀tí, tó sì rọ̀, ṣíbí etí lè kó o. Bí ó bá le, ọtí kíkan tí a fi sódà díẹ̀ sí ni kí a rọ sí i, sódà inú ilẹ̀ tó jẹ́ ìbátan kán-ún ọjà wa. Ìgbà tó bá rọ̀ tán ni kí a tó fi omi fọ etí náà. Kí a wò, kí a mú un rọ̀, kí a fọ̀ ọ́. Sódà tí àwọn ilé oògùn ìlú Lọ́ńdọ̀nù ń tà lónìí nínú ìgò kékeré fún kíkán sí etí kò jìnnà sí ti Celsus.

Ṣíbí etí tí Celsus dárúkọ kò ṣọ̀wọ́n nígbà náà. Àwọn awalẹ̀pìtàn ti rí púpọ̀ nínú ilẹ̀ Britain níbi tí àwọn ará Róòmù gbé, tí wọ́n fi bàbà ṣe, tí wọ́n so mọ́ ẹ̀mú kékeré àti ohun ìfọ́ èékánná lórí òrùka kan ṣoṣo, bí ẹni so kọ́kọ́rọ́. Àwọn Viking ní tiwọn. Ní ilẹ̀ Japan ní sáà Edo, ìkótí tí àwọn obìnrin ń fi sórí a máa ní ṣíbí etí ní ìdí, a sì rí àwòrán àwọn tí ń tún etí ara wọn ṣe nínú iṣẹ́ Utamaro. Ní Chengdu ní ilẹ̀ China àti ní àwọn òpópónà Delhi, iṣẹ́ àtijẹ ni títún etí ẹlòmíràn ṣe títí di òní.

Ó lè ya ènìyàn lẹ́nu pé ṣíbí yìí ṣì wà nínú ilé púpọ̀ ní Japan, nígbà tó ti parẹ́ ní Yúróòpù. Ìdáhùn kan jáde ní ọdún 2006, nígbà tí àwọn onímọ̀ kan ní Yunifásítì Nagasaki fi hàn pé ìyípadà kan ṣoṣo nínú jíìnì ABCC11 ló ń pinnu irú epo tí etí ènìyàn ń sun. Ọ̀pọ̀ àwọn ará ìlà-oòrùn Éṣíà ni tiwọn gbẹ, tó ń já bí èèpo. Ti àwa ará Áfíríkà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ tútù tán pátá, ó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọ̀pọ̀ ará Yúróòpù. Ohun tó gbẹ ṣeé fi ṣíbí kó. Ohun tó ń lẹ̀ kò ṣeé kó bẹ́ẹ̀. Bí igi bá kàn án, apá kan yóò bá igi jáde, ìyókù yóò wọlé sí i.

Nígbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún bẹ̀rẹ̀, dókítà etí fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní orúkọ rere kankan. John Harrison Curtis dá ilé ìtọ́jú etí kan sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1816, àwọn ọlọ́lá sì ń wọ́ tọ̀ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn oníṣègùn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò ka ìmọ̀ rẹ̀ sí. Kò ṣòro láti mọ ìdí tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ fi ń rọ́wọ́ mú. Nínú gbogbo ohun tí ń di ènìyàn létí, ìdọ̀tí nìkan ni a lè wò sàn láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Ẹni tó wọlé láìgbọ́ ohùn ìyàwó rẹ̀ yóò jáde, yóò máa gbọ́ ìró bàtà ara rẹ̀ lórí òkúta. Ìyanu ni lójú rẹ̀. Òun ni yóò sì ròyìn dókítà náà fún ẹni mẹ́wàá tí àìsàn tiwọn kì í ṣe ìdọ̀tí rárá.

Ìmọ́lẹ̀ ló yà àwọn oníṣègùn tòótọ́ sọ́tọ̀. Ní ọdún 1855, Anton von Tröltsch, ará Jámánì, fi dígí oníhò láàárín kan han àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, èyí tó ń ta ìmọ́lẹ̀ wọ inú ihò etí nígbà tí ojú dókítà ń gba ihò dígí náà wò. Láti ìgbà náà ni ìlù etí ti di ohun tí a lè rí ní ojú ayé ẹni tó ni ín. Àṣẹ Celsus pé kí a wò ó ná wá ṣeé ṣe tán.

Omi náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní Vienna, ọ̀dọ́ dókítà kan tó ń jẹ́ Robert Bárány a máa fi sírínjì fọ etí àwọn aláìsàn. Púpọ̀ nínú wọn a máa sọ pé òyì ń kọ́ àwọn bí omi bá ti wọlé, ojú wọn a sì máa jó lọ jó bọ̀. Lọ́jọ́ kan, aláìsàn kan sọ fún un pé ìgbà tí omi kò bá gbóná tó nìkan ni òyì ń kọ́ òun. Bárány ní kí nọ́ọ̀sì mú omi gbígbóná wá. Aláìsàn pariwo pé èyí ti gbóná jù, òyì sì tún kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n Bárány rí i pé ojú rẹ̀ ń sáré sí òdìkejì ibi tó ń lọ nígbà omi tútù. Ó yé e pé nǹkan olómi kan ń bẹ nínú etí lọ́hùn-ún tó ń gbéra bí ó bá gbóná, tó ń rìlẹ̀ bí ó bá tutù, àti pé ibẹ̀ ni ara ti ń mọ ìdúró rẹ̀. Ẹ̀bùn Nobel ọdún 1914 ló tìdí rẹ̀ yọ. Inú ẹ̀wọ̀n àwọn ará Rọ́ṣíà ló wà nígbà tí ìròyìn náà kàn án, nítorí wọ́n ti mú un lójú ogun. Ọdún 1916 ni wọ́n tó dá a sílẹ̀. Ìdí nìyí tí omi tí a óò fi fọ etí fi gbọ́dọ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara ènìyàn gan-an.

Láàárín ìgbà yìí ni igi òwú dé. Ní ọdún 1923, Leo Gerstenzang, ọmọ Poland tó ń gbé ní Amẹ́ríkà, rí ìyàwó rẹ̀ tó ń yí òwú mọ́ igi ìtayín láti fi tọ́jú ọmọ wọn, ó sì dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ lórí rẹ̀. Baby Gays ni orúkọ tí ọjà náà kọ́kọ́ jẹ́; ní ọdún 1926 wọ́n fi Q-tips kún un, Q náà sì dúró fún ojúlówó. Ohun ìtọ́jú ọmọ ọwọ́ ni wọ́n pè é. Kò pẹ́ tí àgbà gbà á lọ́wọ́ ọmọ.

Kò sí ohun èlò tó dà bí èyí tó mọ́ lójú tó sì ń bà jẹ́ lábẹ́lẹ̀. Ó funfun, ó rọ̀, ó ń jáde pẹ̀lú àpẹẹrẹ pé iṣẹ́ ti ṣe. Ṣùgbọ́n inú ihò etí kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2.5 lọ, orí òwú náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kún un. Bí ọdẹ ti í ki ẹ̀tù bọ ìbọn ni ẹni tó ń fi nu etí ṣe ń ki epo tútù mọ́ ìlù etí. Ní àwọn ọdún 1970 ni ìkìlọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lára páálí Q-tips pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe kì í bọ inú etí. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2020, ìjọba England fòfin de èyí tí igi rẹ̀ jẹ́ ike. Nítorí òkun àti ẹja ni o, kì í ṣe nítorí etí.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ìyẹ́ adìẹ, igi ìṣáná àti ìdérí bírò ló ń ṣe iṣẹ́ yìí tẹ́lẹ̀, wọn kò sì tíì kúrò nílẹ̀ tán. Igi òwú ló wá dà bí ọ̀làjú. Wọ́n ń kiri rẹ̀ láàárín súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ l'Ékòó. Àwọn oníṣègùn etí ní Nàìjíríà ti kọ ọ́ sínú ìwé ìwádìí wọn pé àwọn tó kàwé pàápàá ń ki í bọ etí.

Ti àbẹ́là etí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwọn oníṣòwò ní ìṣègùn àwọn Hopi ti Amẹ́ríkà ni. Àwọn Hopi ní àwọn kò mọ̀ ọ́n rí. Ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 1996 fi hàn pé kì í fa nǹkan kan jáde, ó sì tún lè kán sínú etí.

Nítorí náà, ohun tó wà nílé lónìí kò kéré: òróró ólífì tàbí sódà, ẹ̀kán díẹ̀, kí ènìyàn fi ẹ̀gbẹ́ dùbúlẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún. Ẹni tí ìlù etí rẹ̀ ti lu, tí etí rẹ̀ ń ṣọyún tàbí tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ sí létí rí kò gbọ́dọ̀ dán an wò. NICE sì ní kí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera pàápàá má fi sírínjì ọlọ́wọ́ àtijọ́ fọ etí àgbàlagbà mọ́. Ẹ̀rọ tó ń díwọ̀n agbára omi ni kí wọ́n lò.

Ohun tí kò bá iṣẹ́ yìí padà wálé ni ìmọ́lẹ̀ von Tröltsch. Nígbà tí wọ́n bá sọ fún ìyá arúgbó lórí fóònù pé kí ó ra òróró, kò sí ẹni tó wo inú etí náà. Etí tó ṣàdédé di láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta lè jẹ́ pé iṣan ìgbọ́ràn ló ń kú lọ, kì í ṣe epo. NICE ní kí dókítà etí rí irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ láàárín wákàtí 24, nítorí oògùn tó lè gbà á là kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ mọ́ bí ọjọ́ bá ti lọ. Ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún kan náà ni ìyá yẹn yóò fi máa kán òróró.