Òṣìṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí wọ́n gbé lọ síbòmíràn: ta ló ń san ìnáwó títa ilé rẹ̀?

Gbogbo wa la mọ ohun tí affectation ń dá sílẹ̀ nílé fonctionnaire. Ìwé á dé, wọ́n á ní kó kó lọ sí ìlú míì. Ní Amẹ́ríkà, wàhálà kan tún wà lórí ìyẹn: ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ló ti fi owó báńkì ra ilé tí wọ́n ń gbé, wọn ò sì lè gbé ilé dání. Bí wọ́n bá fẹ́ tà á, démarcheur á gba tirẹ̀, agbẹjọ́rò á gba tirẹ̀, ìjọba ibẹ̀ náà lè gba owó kí orúkọ orí ìwé ilé tó yí padà.

Ìdí nìyẹn tí òfin fi gba ìjọba àpapọ̀ láàyè láti dá ìnáwó yìí padà fún òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀ka ìjọba tí wọ́n ń pè ní GSA ló ń kọ ìlànà rẹ̀. Àwọn ṣójà ní ìlànà tiwọn lọ́tọ̀.

Owó náà kò gbọ́dọ̀ ju 10% iye tí wọ́n ta ilé gan-an. Ká ní wọ́n ta ilé ní 300 000 dọ́là, ohun tí ìjọba lè san kò lè kọjá 30 000. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ 20 000 ló ná, 20 000 náà ni yóò gbà o. Tó bá ra ilé níbi tuntun, ìjọba lè san ìnáwó rírà náà, títí dé 5% iye ilé ọ̀hún.

Ibi tó ń dun àwọn èèyàn jù ni àdánù. Ẹni tó ra ilé ní 300 000, tó wá tà á ní 250 000 torí pé ọjà kò dá, 50 000 tó bómi lọ yẹn, ìjọba ò mọ̀ nípa ẹ̀. Lẹ́yìn tí iye ilé já wálẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 2008, ọ̀pọ̀ èèyàn níbẹ̀ ló jẹ báńkì ju iye ilé wọn lọ. Owó àtúnṣe ilé àti èlé báńkì kò sí níbẹ̀ náà.

Kì í ṣe gbogbo òṣìṣẹ́ ló kàn. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́ kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó fúnra rẹ̀ bẹ̀bẹ̀ fún ìrọ̀rùn ara rẹ̀ pé kí wọ́n gbé òun lọ. Ibi iṣẹ́ tuntun gbọ́dọ̀ fi ó kéré tán 80 kìlómítà jìnnà sí ilé rẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Ilé náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó ń ti ibẹ̀ lọ síṣẹ́ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún un dájúdájú pé ó ń lọ. Ẹni tó ti fi ilé fún ayálégbé ṣáájú, tó ń gbé ibòmíràn, kò rí nǹkan gbà.

Ti orúkọ orí ìwé ilé tún wà. Tọkọtaya ò ní ìṣòro. Ṣùgbọ́n àwa tí tẹ̀gbọ́n tàbúrò máa ń dáwó jọ ra ilé, ẹ fetí sí èyí: bí ẹ̀gbọ́n tó ń bọ́ ara rẹ̀ bá wà lórí ìwé, ìpín òṣìṣẹ́ náà nìkan ni ìjọba ń sanwó lé.

Ọdún kan ni wọ́n fún un láti parí títà náà, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tó dé ibi iṣẹ́ tuntun. Wọ́n lè fi ọdún kan sí i. Ó tún gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé pé òun á ṣiṣẹ́ fún ìjọba fún oṣù 12, ó kéré tán. Tó bá kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ kó tó pé, yóò dá owó padà.

Ṣebí ọ̀gá mi ló sọ pé wọ́n á san án? Ọ̀rọ̀ yìí ti dé iwájú àwọn adájọ́ CBCA, tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ láti ọdún 2007, lọ́pọ̀ ìgbà. Ìdáhùn wọn kì í yí: ìlérí ọ̀gá tó ta ko ìlànà kò de ìjọba, bí òṣìṣẹ́ náà tilẹ̀ ti ta ilé tán.