Ilé ìkàwé ìjọba kì í ṣe ti oní-WAEC nìkan: ohun tó yẹ kó máa ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ fún ọmọdé, ọ̀dọ́ àti àgbà

Ẹ bi ọ̀dọ́ mẹ́wàá ní Ilaro tàbí Aiyetoro pé kí ni wọ́n ń ṣe ní láíbìrì. Ìdáhùn wọn ò ní jìnnà síra: ibẹ̀ lèèyàn ń lọ tí ìdánwò bá ti sún mọ́lé. Tí WAEC bá parí, tí èsì JAMB bá jáde, ó tán nìyẹn, ó di ìgbà tí àbúrò bá fẹ́ ṣe tiẹ̀. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Bí wọ́n ṣe fi ilé ìkàwé hàn wá náà nìyẹn: tábìlì, àga, ìwé tí eruku ti bò, àti ẹnì kan tó ń sọ fún wa pé ká dákẹ́.

Àmọ́ iṣẹ́ ilé ìkàwé gbogboogbò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ti wà lákọsílẹ̀ tipẹ́. Mo kọ èyí kí ẹni tó bá fẹ́ béèrè fún un ní ìlú rẹ̀ lè mọ ohun tó ń béèrè gan-an, kó sì mọ ẹni tó yẹ kó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní 1949, UNESCO gbé ìwé kékeré kan jáde tó sọ ohun tí ilé ìkàwé gbogboogbò wà fún. Wọ́n ti tún un kọ ní 1972, ní 1994 àti ní 2022. Kókó rẹ̀ ni pé ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ ṣí fún gbogbo èèyàn bákan náà, wọn ò gbọdọ̀ wo ọjọ́ orí, ẹ̀sìn, èdè tàbí pé okùnrin ni tàbí obìnrin, kò sì yẹ kí wọ́n máa gba owó ìwọlé. Nínú iṣẹ́ tí wọ́n kà sílẹ̀ nínú ti 1994, ètò mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà wà níbẹ̀ fún tọmọdé tàgbà. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé wọ́n dárúkọ ìtàn àtẹnudẹ́nu. Ìyẹn ni pé bàbá arúgbó tí kò mọ A yàtọ̀ sí B, tó sì mọ ìtàn ìlú, ní iṣẹ́ tó lè ṣe ní láíbìrì.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í sì í ṣe àlejò nílẹ̀ wa. Ní July sí August 1953, Ibadan ni UNESCO ti ṣe àpérò lórí bí ilé ìkàwé gbogboogbò yóò ṣe gbilẹ̀ ní Áfíríkà. Enugu ni wọ́n padà mú fún ilé ìkàwé àwòkọ́ṣe, ó sì ṣílẹ̀kùn ní 1959. Delhi ní Íńdíà ló ti ṣáájú, ní 1951. Ní Delhi yẹn, àwọn àgbàlagbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé kíkà máa ń pàdé láti jíròrò, wọ́n ń ṣe eré, wọ́n sì ń wo fíìmù nínú ilé ìkàwé náà. Ẹ rántí pé ní January 1955 ni ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo Ìwọ̀ Oòrùn. Àwọn ọmọ tó wọ kíláàsì àkọ́kọ́ lọ́dún yẹn ti lé ní àádọ́rin ọdún báyìí. Wọ́n mọ̀wé kà, ọwọ́ wọn sì dilẹ̀, àmọ́ kò síbi tó ń retí wọn lọ́sàn-án ju ẹnu ọ̀nà ilé wọn lọ.

Àwòkọ́ṣe tó sún mọ́ wa jù ni ti Abadina, nínú ọgbà Yunifásítì Ibadan. Abadina ni àdúgbò tí àwọn òṣìṣẹ́ kékeré yunifásítì ń gbé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adetoun Ogunsheye, obìnrin àkọ́kọ́ tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Nàìjíríà, ló dá ilé ìkàwé sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ibẹ̀ ní àwọn ọdún 1970. Ẹ kíyè sí i: kì í ṣe ọmọ àwọn ọ̀gá ló kọ́kọ́ rò. Wọn ò sì fi mọ sórí ìwé nìkan, àwòrán wà níbẹ̀, eré ìdárayá wà níbẹ̀, nǹkan gbígbọ́ àti wíwò wà níbẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ ilé ìkàwé ní yunifásítì náà ń kọ́ iṣẹ́ wọn níbẹ̀ pẹ̀lú ọmọdé gidi. Ilaro ní pọ́lì ìjọba àpapọ̀ láti 1979, Aiyetoro náà sì ní ẹ̀ka yunifásítì. Ibi tí wọ́n ti lè ṣe irú rẹ̀ kò jìnnà.

Àmọ́ èyí tó wù mí jù ni ti Osu, ní Accra. Ní 1990, obìnrin ará Kánádà kan tó ń gbé níbẹ̀, Kathy Knowles, bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé fún àwọn ọmọdé mélòó kan nínú ọgbà ilé rẹ̀. Nígbà tí ọmọ pọ̀ sí i, wọ́n sọ kọ̀nténà ẹlẹ́sẹ̀ bàtà ogójì kan di ilé ìkàwé, ní 1992. Kọ̀nténà kan náà tí wọ́n fi ń ṣe ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá títì wa yìí o! Láti ibẹ̀ ni àwọn ilé ìkàwé mìíràn ti jáde. Èyí tó wà ní Nima, àdúgbò tí èrò ti fún pinpin, ń kọ́ àwọn àgbà ní mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, ó sì ní ẹgbẹ́ eré orí ìtàgé. Nítorí náà, tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ dúró di ìgbà tí bílíọ̀nù yóò jáde fún ilé alájà mẹ́ta, ẹ bi wọ́n léèrè nípa kọ̀nténà.

Àwa tá a wà létí bọ́dà tún ní àpẹẹrẹ mìíràn. Ní Bẹ̀nẹ̀, láti àárín àwọn ọdún 1980, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń sọ Faransé ti ń dá ilé ìwé kíkà àti àṣà sílẹ̀ ní àwọn ìlú kéékèèké. CLAC ni wọ́n ń pè é. Ìwé wà níbẹ̀, ayò àti eré wà, wọ́n sì ń fi fíìmù hàn. Ohun tó yẹ ká wò dáadáa ni bí wọ́n ṣe pín ẹrù rẹ̀: àjọ náà ń kó ìwé àti irinṣẹ́ wá, ìjọba ibẹ̀ ń pèsè ilé, ó sì ń san owó òṣìṣẹ́.

Ó dáa, tó bá wá jẹ́ ìlú tiwa ńkọ́?

Àwọn ọmọ kékeré, wákàtí kan láàárọ̀ Sátidé ti tó. Kí ẹnì kan pa àlọ́ ní ẹ̀ka èdè ilé wa, kí wọ́n tó ṣí ìwé. Kí ìyá tàbí bàbá tó mú ọmọ wá jókòó tì í, kó má kàn já a sílẹ̀ kó sì lọ. Fún àwọn ọ̀dọ́, kọ̀ǹpútà ni. Orí kọ̀ǹpútà ni gbogbo JAMB wà báyìí, ọmọ tó sì jẹ́ pé ọjọ́ ìdánwò ló kọ́kọ́ fọwọ́ kan máòsì ti fi ìdajì agbára rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ àti bí wọ́n ṣe ń forúkọ òwò sílẹ̀.

Fún àwọn òǹtajà, ọ̀rọ̀ àkókò ló wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọjà wa ló jẹ́ ọrọọrún, kò mọ Mọ́ńdè kò mọ Fúráìdè. Kíláàsì ẹ̀kọ́ àgbà tí wọ́n bá fi sí gbogbo Túsìdè, ó pẹ́ ó yá, á bọ́ sọ́jọ́ ọjà, yàrá á sì ṣófo. Ọjọ́ ọjà ni kí wọ́n fi ṣe kàlẹ́ńdà. Kí wọ́n sì fi Faransé díẹ̀ kún un, nítorí ọ̀pọ̀ wọn ń bá ará Bẹ̀nẹ̀ ná ọjà.

Ti àwọn arúgbó ló ká mi lára jù. Ní 2001 ni UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tiwa àti ti àwọn ará wa ní Bẹ̀nẹ̀ àti Togo, gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n orin ẹ̀fẹ̀ orí àwọn èèyàn ló wà, orí náà sì ń lọ sábẹ́ ilẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Fóònù kan, yàrá kan tó dákẹ́, àti ọmọ pọ́lì kan tó mọ̀ ọ́n tẹ̀ ti tó láti bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n gba àṣẹ kí wọ́n tó gba ohùn sílẹ̀ o. Ohun tó jẹ́ awo, ẹ fi sílẹ̀ fún awo.

Ẹ má sì da èyí pọ̀ mọ́ ilé ìkàwé Obasanjo ní Abeokuta, tí wọ́n ṣí ní 2017. Ibi tó gbayì ni, ṣùgbọ́n ti ààrẹ àná ni, iṣẹ́ tirẹ̀ yàtọ̀.

Ta wá ni ká béèrè lọ́wọ́ rẹ̀? Ìwé òfin 1999 sọ pé ìjọba àpapọ̀ ló ń bójú tó ilé ìkàwé, àyàfi èyí tí ìjọba ìpínlẹ̀ bá dá sílẹ̀. Nítorí náà, ti ìpínlẹ̀, Abeokuta ni ẹ ó kọ̀wé sí. Àmọ́ Àtẹ Kẹrin ìwé òfin kan náà ka ẹ̀kọ́ àgbà àti ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ mọ́ ohun tí ìjọba ìbílẹ̀ ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Ìyẹn ni pé tí Yewa Gúúsù tàbí Yewa Àríwá bá ní kíláàsì alẹ́ kì í ṣe iṣẹ́ àwọn, ẹ fi Àtẹ Kẹrin hàn wọ́n.

Ìparí ọdún ni wọ́n máa ń ṣètò ìnáwó ọdún tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí lẹ́tà yín ti dé ọ̀dọ̀ alága kó tó di October, kí ẹ̀dà kan sì wà lọ́dọ̀ káńsẹ́lọ̀ àdúgbò yín. Ẹ má béèrè ilé tuntun. Ẹ béèrè kí ilẹ̀kùn máa ṣí di aago mẹ́jọ alẹ́, kí sólà wà, kí wọ́n sì gba ẹnì kan tí owó oṣù rẹ̀ wà fún ètò ṣíṣe nìkan, tí kì í ṣe ẹni tó ń ṣọ́ ìwé. Ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù gbogbo ẹni tó bá fọwọ́ sí i, kí ẹ sì gba sítáǹpù sórí ẹ̀dà tiyín kí ẹ tó kúrò ní sẹkitéríàtì.