Yoga: Iṣẹ́ Ọkàn Ṣáájú Iṣẹ́ Ara

Bí a bá dárúkọ yoga lónìí, ẹni tó tẹ́ ẹní sílẹ̀, tó ń na apá, tó ń ká ẹsẹ̀, ló máa ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ ènìyàn. Inú èdè Sanskrit ti ilẹ̀ Íńdíà ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Gbòǹgbò rẹ̀, yuj, túmọ̀ sí kí a so nǹkan pọ̀, bí àgbẹ̀ ṣe ń fi àjàgà so màlúù méjì.

Kí ni ìsopọ̀ náà wà fún?

Ìwé Yoga Sutra, tí wọ́n ní Patanjali kọ ní ohun tó lé ní 1,500 ọdún sẹ́yìn, dáhùn láti ìbẹ̀rẹ̀: ọkàn tó ń sá kiri ni kó rọlẹ̀. Ẹ̀ka mẹ́jọ ló là sílẹ̀, ìwà ló sì fi ṣíwájú: má ṣèkà, má purọ́, má jalè. Ìtẹ́lọ́rùn, ìṣàkóso èémí àti àṣàrò wà níbẹ̀, títí dé samadhi, níbi tí ọkàn ti wọnú ohun tó ń rò pátápátá. Asana, tó túmọ̀ sí ìjókòó, kò gbà ju gbólóhùn mẹ́ta lọ.

Nínú Bhagavad Gita, ìwé mímọ́ àwọn Híńdù, ẹ̀wẹ̀, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ láìwojú èrè ń ṣe yoga.

Ìgbà tí olùkọ́ yoga kan, Krishnamacharya, ń kọ́ni ní ìlú Mysore ní Íńdíà ní àwọn ọdún 1930 ni eré ara gbilẹ̀ nínú yoga. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, B.K.S. Iyengar, gbé e kárí ayé pẹ̀lú ìwé Light on Yoga ní 1966.